Àwo Wilma Prewitt

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí Lonnie Sparks parí ẹ̀rí rẹ̀ ní kóòtù ni Ruby ìyàwó mi kú. Oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn ń sọ ní Tolliver, àti ní ìlà oòrùn Arkansas yìí káàkiri, nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú wọn kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti Ruby bí, Wendell ni orúkọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, táyà ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ bó ṣe ń ti iléeṣẹ́ ìrẹsì tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń pààrọ̀ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan gbá a, tí kò sì dúró. Inú kòtò ni ó wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Awakọ̀ tó ń kó wàrà ló rí i. Dókítà sọ ní kóòtù pé kò kú lójú ẹsẹ̀. Ruby jókòó tì mí nígbà tó sọ ọ́. Kò sunkún. Ó kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

Royce Haddon ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ìdílé Haddon ló ni oko ìrẹsì láti etí ìlú wa dé etí odò, Royce fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń kórìíra. Ó máa ń bá tọmọdé tàgbà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìjọba sọ ni pé ó ti mutí yó, ó gbá Wendell, ó wakọ̀ lọ sí ẹ̀yìn abà rẹ̀, ó da epo sí ọkọ̀ náà, ó sì dáná sun ún. Lẹ́yìn náà ó fi katakata ti àjókù rẹ̀ sínú ihò, ó fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Lonnie Sparks tó ń bá a ṣiṣẹ́ oko, ó ní kó sọ fún ọlọ́pàá pé wọ́n ti jí ọkọ̀ náà gbé láti ìjẹta. Lonnie sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún un sọ nígbà tí wọ́n padà wá bi í. Ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sinmi, títí ó fi lọ bá àwọn ọlọ́pàá, tó sì sọ ohun tó rí fún wọn.

Nítorí náà ẹ̀sùn méjì ló wà lọ́rùn Royce. Ọ̀kan ni pé ó pa ènìyàn. Èkejì ni pé ó dí ìwádìí lọ́wọ́: ó ba ẹ̀rí jẹ́, ó sì kọ́ ẹlẹ́rìí ní irọ́ pípa. Kimbrough, agbẹjọ́rò ìjọba, wá sílé wa láti ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ju ti ìlú wa lọ.

“Lonnie ni gbogbo ẹjọ́ yìí,” ó wí. “Òun nìkan ló lè sọ pé Royce ló wa ọkọ̀ yẹn wọlé lọ́jọ́ náà. Láìsí Lonnie, irin jíjóná lásán la ní lọ́wọ́.”

Ruby bi í pé, “Ṣé á lè dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀?”

“Tá a bá tètè ṣe é, mà. Ilé Royce ló ń gbé.”

Èmi àti Ruby lọ bá Lonnie fúnra wa. A kò bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ nǹkan kan ju ohun tó rí lọ. A ní kó ṣáà jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí, kó sọ ọ́. Ó ní òun á sọ ọ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ará ìlú méjìlá ló ń jókòó gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Júrì ni òfin ń pè wọ́n. Àwọn méjìlá ni àwa ń pè wọ́n. Adájọ́ Fentress bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ wá. Gbogbo wọn ló mọ̀ wá. Tó bá jẹ́ pé ó lé gbogbo ẹni tó mọ̀ wá lọ, àwọn àga nìkan ni ì bá kù láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe òótọ́ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn lè ṣe é. Wilma Prewitt wà lára wọn, ní ìlà iwájú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló sì kọ́ ìdajì ìlú wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Kò sí ilé òkú kan ní Tolliver tí Wilma kò gbé oúnjẹ lọ rí.

Kí wọ́n tó túká ní ìrọ̀lẹ́, adájọ́ máa ń kìlọ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ń dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n sì ni.” Wilma máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ràn.

Lonnie jẹ́rìí. Lọ́yà Royce fi ọ̀rọ̀ gún un kiri, ó pè é ní òpùrọ́ nítorí ohun tó kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá. Lonnie ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo parọ́ nígbà yẹn. Ọ̀gá mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò parọ́ báyìí.” Mo wo ojú àwọn méjìlá. Wọ́n gbà á gbọ́. Kimbrough náà rí i.

A délé. Ruby ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí òun tó dáná. Mo gbé kọfí kaná. Nígbà tí mo gbé e lọ bá a, ó ti lọ. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Adájọ́ sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí n lè ráyè sin ín.

Nelda ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá dúró tì mí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Kí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pọ́n, ó ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ẹnìkan bá kú nílùú wa, oúnjẹ ni a fi ń kí àwọn ẹbí. Wọn á kan ilẹ̀kùn, wọn á gbé e fún ọ, wọn á sọ gbólóhùn kan tàbí méjì, wọn á lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó ni àwo máa ń wà nídìí rẹ̀, torí pé àwo gbọ́dọ̀ padà sílé. Kò sì gbọdọ̀ padà lófìfo.

“Itan ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin!” Nelda ń sọ nílé ìdáná. “Orval, ṣé wọ́n rò pé ọmọ ogun la fẹ́ bọ́ ni? Àti kéèkì Thelma yìí. Ọlọ́run má bínú, mo ní kí n gé e, ọ̀bẹ ló fẹ́ ṣẹ́.”

“Sísì, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó wà ní pálọ̀.”

“Ó mọ̀ pé òun ò mọ kéèkì í ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ fún un.”

Láàárín gbogbo ìyẹn ni ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé, tó tún lọ. Nelda jáde, ó gbé àwo gíláàsì gígùn kan wọlé, adìyẹ àti ìrẹsì tí wọ́n yan pọ̀. Ó bù ú fún àwọn tó wà nílẹ̀. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Mi ò bèèrè ẹni tó gbé e wá. Lọ́jọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

A sin Ruby sẹ́gbẹ̀ẹ́ Wendell lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń fá irùngbọ̀n mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí Nelda ń kó àwo sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dá díẹ̀ padà kí a tó lọ sí kóòtù. Ó kó ìgò èso píà aládùn tí Ruby fi ṣúgà sè pamọ́ nígbà ìkórè kúrò lórí pẹpẹ, ó fi ọ̀kan sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń wò ó, torí kò sí ẹni tí yóò sè é mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti jẹun, ó ku kí àwọn lọ́yà sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí àwọn méjìlá sì lọ pinnu. Lọ́yà Royce dìde, ó ní òun fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú tábìlì gíga. Ojú Kimbrough yí padà. Adájọ́ ní kí gbogbo ènìyàn jáde, ṣùgbọ́n kí èmi àti Nelda dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òun yóò fi pè wá.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọlọ́pàá kóòtù mú Wilma Prewitt gba iwájú wa kọjá wọlé. Nelda di ọwọ́ mi mú.

“Orval, mo rò pé mo ti dá nǹkan sílẹ̀.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Àwo Wilma wà lára èyí tí mo dá padà láàárọ̀ yìí.”

Kò tètè yé mi. “Wilma wo? Wilma tó kọjá yìí?”

“Òun ló gbé adìyẹ àti ìrẹsì wá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ. Mo rí orúkọ ẹ̀ nídìí àwo. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n gbé àwo olóhun pamọ́?”

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Mo ní Ruby ló se píà yẹn.”

“Kí lẹ tún sọ?”

“Mo ní, ‘Ọwọ́ yín lọmọ wa wà o, Wilma. Ẹ má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.’ Ló bá bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó ìbátan Royce tó ń gbé ní òdìkejì títì ń gbá ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ ti, ó ń wò wá bí ẹni ń wòran.”

“Sísì.”

“Má sísì mi. Gbọ́. Tí wọ́n bá bi mí, inú ilé ni mo wà pẹ̀lú ẹ títí a fi ń bọ̀ níbí. Ẹlòmíì lobìnrin yẹn rí. Ìwọ náà á sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.”

“O ò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ń wẹ Wendell nígbà tí àìsàn dá Ruby dùbúlẹ̀? Ta ló di ọwọ́ ẹ̀ mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó dáa. Òní ni wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀. O rí ojú àwọn èèyàn yẹn, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tó o bá lanu, adájọ́ á tú gbogbo ẹ̀ ká. Royce á lọ sílé, á lọ jẹun alẹ́.”

“Ohun tí Royce ní kí Lonnie ṣe gan-an lẹ ní kí n ṣe yìí.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì náà.

“O fi mí wé Royce,” ó wí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wilma jáde. Kò wo ojú wa, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá, ó mi orí sí Nelda, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó yé mi pé ó ti sẹ́. Wọ́n pe Nelda. Ó dìde, ó fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún, ó wọlé. Kò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ọlọ́pàá ní kó lọ jókòó ní ìpẹ̀kun kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n sì pè mí.

Adájọ́ ló wà nínú kóòtù, àti àwọn lọ́yà méjèèjì, àti obìnrin tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti Royce nínú aṣọ kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀. Mo búra. Mo jókòó.

“Ọ̀gbẹ́ni Stamps,” ni adájọ́ wí, “ẹ kú àmúmọ́ra. Kì í ṣe ìfẹ́ mi pé kí n pè yín lónìí.”

“Ẹ ṣé, sà.”

“Níbo ni ẹ̀gbọ́n yín wà láàárọ̀ yìí kí ẹ tó wá síbí?”

Àwọn kan ń sọ pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi tó. Wọ́n lè máa sọ ọ́. Orí àga kan náà ni Lonnie jókòó sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Royce jókòó síbi tó wà yìí gan-an. Lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ tán, inú ilé Royce ni òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sùn. Èmi ni mo lọ bá a nílé pé kó sọ ọ́. Mi ò rí bí mo ṣe lè jókòó síbẹ̀ kí n ṣe ohun tó kéré sí ohun tí mo ní kí ẹlòmíràn ṣe.

“Ó jáde, sà.”

“Síbo?”

“Ó lọ dá àwo padà fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá kí wa.”

“Ilé ta ni?”

“Ilé bíi mélòó kan. Ó sọ fún mi pé ilé Mísíìsì Prewitt wà níbẹ̀.”

“Ṣé ó sọ ohun tó bá a sọ fún yín?”

Mo sọ ọ́ bí Nelda ṣe sọ ọ́, láì yọ kúrò, láì fi kún un. Kimbrough bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Royce gbójú sókè. Láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò wo ojú mi rí àfi ìgbà yẹn.

Adájọ́ ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Wọ́n tún mú Wilma wọlé.

“Mísíìsì Prewitt, ẹ búra fún mi pé ẹnikẹ́ni ò wá sílé yín láàárọ̀ yìí. Ṣé òótọ́ ni?”

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. “Rárá, sà.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ parọ́?”

“Ẹ̀rù bà mí.”

“Àti oúnjẹ tẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ lójoojúmọ́ ni?”

“Ẹ ní ká má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mi ò sì sọ̀rọ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ. Òkú ló wà nílé wọn, sà. Ṣé kí n káwọ́ gbera sílé mi ni?”

Adájọ́ ní, “Ìgò píà tí wọ́n fún yín, níbo ló wà?”

Wilma wo ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn mọ́kànlá yòókù wà.

“A ti jẹ ẹ́, sà.”

“Ẹ̀yin àti ta ni?”

“Gbogbo àwa méjìlá. Mo gbé e wá jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní Ruby ló sè é, kí wọ́n tọ́ ọ wò, torí irú ẹ̀ ò tún ní sí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Coates nínú wa ní ká ṣe é bó ṣe yẹ fún obìnrin náà lónìí. Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Tó bá jẹ́ Wilma nìkan ni, wọn ì bá yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ènìyàn méjì máa ń jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Adájọ́ bèèrè nípa àwọn méjì náà.

“Àwọn náà jẹ ẹ́, sà,” ni Wilma wí. “Mi ò lè fo ẹnikẹ́ni.”

Royce fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ti dìde kí Wilma tó pa ẹnu dé, ó ní kí adájọ́ tú ìgbẹ́jọ́ náà ká. Adájọ́ Fentress wo Kimbrough. Kimbrough ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Wọ́n kó àwọn méjìlá wọlé, adájọ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ti parí, pé wọn kò ní dá ẹjọ́ kankan, pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀gbẹ́ni Coates bèèrè pé kí ni àwọn ṣe.

Nelda kó ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń wò ó.

“Sísì, ẹ dúró di ọ̀la.”

“Fún kí ni? Wọ́n ní ọlọ́pàá á wá mú mi. Wọ́n á rí mi nílé ara mi.” Ó ti àpótí rẹ̀ pa. “Oúnjẹ wà nínú fìríìjì. Tó bá tán, kó o máa jẹ òótọ́ ẹ.”

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó gbìyànjú láti yí ọkàn júrì, àti pé ó parọ́ lábẹ́ ìbúra. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, wọn kò rán an lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń lọ fi ara rẹ̀ hàn fún ìjọba lóṣooṣù bí olè. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Memphis. Nígbà tí mo bá tẹ̀ wọ́n láago, ọmọ náà á ní ó ń sùn.

Wilma lọ sẹ́wọ̀n agbègbè wa fún oṣù kan nítorí irọ́ tó pa, pẹ̀lú àwọn ọ̀mùtí àti àwọn ọmọbìnrin tó jí nǹkan ní ilé ìtajà. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún un, wọ́dà kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó jáde, mo lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó ní fàráńdà. Ó ti rù.

“Mísíìsì Prewitt, mo wá kí yín.”

“Mo rí yín, Orval. Mi ò bínú sí yín. Bí Ọlọ́run ṣe kọ́ wa náà lẹ ṣe é.” Ó fi ọwọ́ dá mi dúró bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. “Ṣùgbọ́n ẹ má gòkè wá síbí.”

Mo padà.

Nílé onígbàjámọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, bí mo ṣe wọlé ni gbogbo wọn dákẹ́. Vernon tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbọn aṣọ irun, ó ní, “Káàbọ̀, Orval. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbí, kí ọ̀sán tó pọ́n, adájọ́ á ti gbọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gé irun mi, ó gé e dáadáa. Ìlú míràn ni mo ti ń gé e báyìí.

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n tó tún gbé ẹjọ́ Royce dìde, ní agbègbè míràn tí kò sẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Royce kò bá Lonnie sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà náà. Òfin kò gbà á láyè, lọ́yà rẹ̀ sì rí i pé kò ṣe é. Wọ́n kàn sọ fún Lonnie pé ilé tó ń gbé fẹ́ àtúnṣe, kó kó jáde. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n tì í pa. Kò rí iṣẹ́ oko ní gbogbo etí odò wa. Ìyàwó rẹ̀ tó lé e lọ bá ọlọ́pàá nígbà yẹn kò tún lé e mọ́.

“Ta ló wa ọkọ̀ náà wá sí ẹ̀yìn abà?” Kimbrough bi í.

“Ó ti pẹ́, sà. Mi ò rántí dáadáa.”

Kimbrough ka ọ̀rọ̀ tó sọ níjọ́sí sí i létí. “Ṣé ọ̀rọ̀ yín kọ́ nìyí?”

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi.”

Àwọn méjìlá tuntun náà ń wò ó. Mo ti rí àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wò ó, mo sì mọ ìyàtọ̀. Ohun tí a kà látinú ìwé jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n rí níwájú wọn kò gbà pé òun ló ni ín.

Mo bá Lonnie níta lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì la ẹnu tí ó fi sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Stamps, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè ṣe é. Mo sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan.” Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. “Ẹ̀yin lẹ ṣe é tí kò fi kà.”

Wọ́n dá Royce sílẹ̀ lórí ikú Wendell. Wọ́n ní àwọn kò lè mọ ẹni tó wakọ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi pé ó sun ọkọ̀, pé ó bò ó mọ́lẹ̀, pé ó parọ́ fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Kò lò ó tán. Bí òfin ṣe wò ó nìyẹn: ó dí ọ̀nà kí a má bàa mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe. Kimbrough bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ní kò sí ohun tí èmi ì bá tún ṣe. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà fúnra rẹ̀.

Mo rí Royce nígbà ìkórè tó tẹ̀lé ìgbà tó jáde lẹ́wọ̀n. Mo lọ sí ilé ìtajà tí a ti ń ra oúnjẹ ẹran àti irinṣẹ́ oko. Ó ti wà níbẹ̀, ó dúró ti àwọn àpò iyọ̀ màlúù. Ó ti sanra díẹ̀. Olùtajà rí àwa méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́.

Royce bọ́ fìlà rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Stamps. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”

Mo dúró.

“Mo fẹ́ dúpẹ́ ni. Ẹ lè dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò dákẹ́. Èmi mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá dákẹ́. Irú èèyàn bíi tiyín ò wọ́pọ̀ mọ́.”

Mo wá ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀. Tí mo bá rí i, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Kò sí níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi.

“Wọ́n ti dá ọ sílẹ̀ lórí ikú Wendell, wọn ò lè gbé ọ lọ sí kóòtù lórí ẹ̀ mọ́,” mo wí. “Bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti parí.”

“Kò sí ohun tó o lè pàdánù. Sọ fún mi. Ṣé ìwọ lo wakọ̀ náà?”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú mi. Ó wo olùtajà, tó ti ṣíwọ́ tábìlì nínù. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì dúró dè é. Mi ò yẹ ojú mi kúrò lára rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, sà,” ó wí.

Ó dé fìlà rẹ̀. Ó gbé àpò iyọ̀ kan lé èjìká, ó yí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa fara kàn mí, ó sì jáde. A gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣáná, tó sì lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ olùtajà bi mí pé kí ni mo wá rà. Mi ò rántí. Mo ní kó fún mi ní ìṣó.

“Ìwọ̀n wo, sà?”

Mo ní èyíkéyìí tó bá wà.